Òǹkà wo ló ń sọ òótọ́ nípa bandwidth mẹ́mọ́rì mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo kọ loop kékeré kan ní èdè C, `a[i] = b[i] + c[i]`, lórí array mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 100 mílíọ̀nù `double`. Gbogbo core ló ń bá mi ṣe é. Mo tún un ṣe ní ìgbà 20, ó sì gba ìṣẹ́jú àáyá 1.6. Nígbà tí mo ṣírò báìtì inú kóòdù mi, mo rí 30 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi `perf` ka `LLC-load-misses`, tí mo sì fi 64 sọ ọ́ di ìlọ́po, 5 GB péré ni mo rí. Intel ni kọ̀ǹpútà mi, RAM DDR4-3200 ló ní, lórí channel (ojú ọ̀nà) méjì, wọ́n sì ní 51.2 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni agbára rẹ̀. Iye mẹ́ta rèé, ọ̀kan ò bá èkejì mu. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba ìkankan gbọ́. Bí gbogbo ohun tí ẹ sọ bá rí bẹ́ẹ̀, bandwidth yín, ìyẹn iye dátà tó ń gba ojú ọ̀nà mẹ́mọ́rì yín kọjá gan-an, yóò súnmọ́ 40 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí nínú mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀. Màá fi bí mo ṣe mọ̀ hàn yín láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin fúnra yín yóò wá fi òǹkà tó tọ́ dán ọ̀rọ̀ mi wò.

Ohun kan ṣáájú. Nínú èdè wa, à ń ka ìwé, à ń ka owó, "kà" kan náà ni. Níbí, ìyẹn á da ọ̀rọ̀ rú, torí pé prósẹ́sọ̀ ń ka dátà láti inú mẹ́mọ́rì, òǹkà náà sì ń ka iye ìgbà tó kà á. Nítorí náà, bí prósẹ́sọ̀ bá lọ mú dátà wá láti mẹ́mọ́rì, "fà" ni màá lò. Bí ó bá dá a padà síbẹ̀, "kọ" ni. Kíkà jẹ́ iṣẹ́ òǹkà nìkan.

Òǹkà tí mò ń sọ ni àwọn ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n kọ́ sínú prósẹ́sọ̀ láti máa ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe é ń pè ní performance counter. Láti 2009, nígbà tí Linux 2.6.31 jáde, `perf` ti jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn jù láti bá wọn sọ̀rọ̀. Òǹkà yìí kì í parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá kọjá níwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà iwájú kò lè sọ iye èèyàn tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bí ẹ bá ti fẹ́ wọn bandwidth mẹ́mọ́rì, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara yín ni ibi tí òǹkà tí ẹ ń lò dúró sí. Ibẹ̀ gan-an ni iye 5 GB yín ti ṣìnà.

`LLC-load-misses` dúró sí ẹ̀gbẹ́ core, ẹ̀ka prósẹ́sọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kóòdù gan-an. Ohun tó ń kà ni ìgbà tí prógírámù fúnra rẹ̀ béèrè dátà, tí kò sì bá a nínú cache tó gbẹ̀yìn, ìyẹn LLC (cache ni mẹ́mọ́rì kékeré tó yára nínú prósẹ́sọ̀). Ẹ wá wo loop yín. Ó ń rìn tààrà lórí array, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ẹ̀ka kan wà nínú prósẹ́sọ̀ tó ń ṣọ́ irú ìrìn bẹ́ẹ̀, prefetcher ni wọ́n ń pè é. Kí ó tó pẹ́ rárá, ó ti mọ ibi tí ẹ ń lọ, ó sì ti ń fa àwọn ìlà dátà tó kàn sílẹ̀ dè yín. Nígbà tí àṣẹ inú kóòdù yín bá dé láti béèrè, dátà ti wà nínú cache, òǹkà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ bá a nílé. Bẹ́ẹ̀, láti inú RAM ni dátà náà ti wá, ó gba ojú ọ̀nà, ó sì lo bandwidth. Bí kóòdù yín bá ṣe tọ́ tó ni òǹkà yìí kò ṣe ní í rí i tó. Mo ti rí ẹni tó tún kóòdù rẹ̀ ṣe kí ó lè máa rìn tààrà, tí misses já wálẹ̀, tó sì ń yọ̀ pé òun ti mú ẹrù kúrò lórí mẹ́mọ́rì. Ẹrù ò kúrò. Òǹkà tó ń wò ni kò rí i mọ́.

Ìyẹn ọ̀kan. Èkejì ni pé òǹkà náà kì í wo kíkọ rárá. Nígbà tí ẹ bá kọ nǹkan sínú `a[i]`, inú cache ló kọ́kọ́ dúró sí. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí cache tó kún, kí wọ́n tó lé ìlà náà jáde lọ sí RAM, nígbà yẹn àṣẹ tó kọ ọ́ ti kọjá lọ tipẹ́. Bákan náà ni káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dísíìkì àti ẹ̀ka àwòrán ń wọ mẹ́mọ́rì láìkọjá lọ́dọ̀ òǹkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ core. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òǹkà tí ẹ lò, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 30 GB yín, torí òun ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ ka `b`, `c` àti `a`, báìtì 8 ní ọ̀nà mẹ́ta, 24 ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ 100 mílíọ̀nù ní ìgbà 20 jẹ́ 48 GB. Ẹ pín in sí 1.6, 30 ló jáde. Ìṣírò náà pé. Àmọ́ prósẹ́sọ̀ kì í gbé báìtì 8 lọ sí RAM. Ìlà cache ló ń gbé, báìtì 64 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó tó lè yí apá kan ìlà kan padà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa odindi ìlà náà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì gba àṣẹ pé òun nìkan ló ni ín. Read for ownership ni Intel ń pe èyí, RFO. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni `a` gba ojú ọ̀nà kọjá: ó wọlé kí ẹ tó kọ ọ́, ó sì jáde lẹ́yìn tí ẹ kọ ọ́ tán. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe báìtì 24 mọ́, 32 ni. Gbogbo rẹ̀ di 64 GB, ẹ pín in sí 1.6, 40 rèé.

STREAM náà, ìdánwò tí John McCalpin kọ tí gbogbo ayé fi ń wọn bandwidth, bí ẹ ṣe kọ́kọ́ kà á gan-an ló ń kà. Ohun tí kóòdù béèrè nìkan ló ń kà, kò ka RFO mọ́ ọn. Kì í ṣe àṣìṣe, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí a lè fi kọ̀ǹpútà kan wé òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹrù tó wà lórí mẹ́mọ́rì, ẹ rántí pé ohun tí STREAM pè ní báìtì 24 nínú Add àti Triad, tí wọ́n jẹ́ apá inú rẹ̀, lè jẹ́ 32, ohun tó pè ní 16 nínú apá Copy lè jẹ́ 24.

51.2 kò gba àlàyé púpọ̀. 3200 mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá, báìtì 8 lẹ́ẹ̀kan, channel méjì. Àjà ilé ni, kò sẹ́ni tó ń gbé orí àjà. RAM máa ń dúró láti tún agbára iná inú rẹ̀ ṣe kí dátà má bàa pòórá, ó máa ń lo àkókò láti yí padà láti fífà sí kíkọ, ó sì máa ń lo àkókò láti ti ìlà kan nínú rẹ̀ kí ó tó ṣí òmíràn. Bí mo bá ti rí 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà ti kún. 40 nínú 51.2 jẹ́ 78. Ẹ ti súnmọ́ ọn gan-an.

Ibi tó yẹ kí òǹkà dúró sí ni ẹnu ọ̀nà mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀, lọ́dọ̀ memory controller, adarí mẹ́mọ́rì. Gbogbo ẹrù tó ń lọ sí RAM, yálà core ló rán an, yálà prefetcher, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí ẹ̀ka àwòrán, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ti orí tábìlì tó jẹ́ Intel, àṣẹ rẹ̀ rèé:

```
sudo perf stat -a -e uncore_imc/data_reads/,uncore_imc/data_writes/ ./loop 20
```

Lórí server Xeon, channel kọ̀ọ̀kan ló ní òǹkà tirẹ̀:

```
sudo perf stat -a -e uncore_imc_0/cas_count_read/,uncore_imc_0/cas_count_write/ ./loop 20
```

kí ẹ sì fi `uncore_imc_1`, `uncore_imc_2` àti àwọn tó kù kún un. Orúkọ wọn máa ń yí padà láti ìran prósẹ́sọ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ṣe `perf list | grep -i imc` kí ẹ wo èyí tí ẹ̀rọ yín ní. Lórí AMD láti Zen, `amd_df` ni kí ẹ wá, òun dúró sórí Data Fabric, ojú ọ̀nà inú prósẹ́sọ̀ AMD. Láti Zen 4, `amd_umc` wà, èyí tó dúró lọ́dọ̀ adarí mẹ́mọ́rì gan-an, bí kernel yín (ọkàn Linux) bá ti tuntun tó.

`-a` yẹn ṣe pàtàkì. Òǹkà yìí kì í ṣe ti core kan, kì í ṣe ti prógírámù kan, ti gbogbo ẹ̀rọ ni. Kò mọ ẹni tó rán ẹrù, ẹrù ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kernel kì í fi í jẹ́ kí ẹni tí kò ní àṣẹ pàtàkì lò ó, tí mo sì fi `sudo` síwájú.

Kí ni CAS tí ẹ rí nínú orúkọ yẹn? Column address strobe ni, àṣẹ tí adarí mẹ́mọ́rì ń fún RAM pé kí ó gbé dátà wá tàbí kí ó gbà á. Àṣẹ kan, báìtì 64. Nínú DDR4, ojú ọ̀nà gba báìtì 8 lẹ́ẹ̀kan, àṣẹ kan sì ń ti ìgbà 8 tẹ̀ lé ara wọn. Nínú DDR5, wọ́n pín ojú ọ̀nà náà sí méjì, báìtì 4 ní ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ ìgbà 8 di 16, kí ó lè ṣì jẹ́ 64. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣí fáìlì yìí:

```
cat /sys/bus/event_source/devices/uncore_imc/events/data_reads.scale
```

Ẹ ó bá `6.103515625e-5` níbẹ̀. 64 tí a pín sí 1,048,576 ni, èyí tó sọ iye ìlà di MiB (báìtì 1,048,576). `perf` ti bá yín ṣe ìṣírò náà kí ó tó tẹ iye jáde, ẹ má tún fi 64 sọ ọ́ di ìlọ́po mọ́. Ẹ sì kíyè sí i pé MiB ni, kì í ṣe MB. 51.2 tó wà nínú ìwé, mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù gidi ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Láàárín GB àti GiB, ìyàtọ̀ lé ní 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sì tó láti mú kí èèyàn wá àṣìṣe tí kò sí kiri.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi òǹkà yìí wọn loop yín. Ẹ kọ́kọ́ wọn òǹkà fúnra rẹ̀. Èmi kì í gba òǹkà kankan gbọ́ títí màá fi fún un ní ẹrù tí mo ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ loop kan tó ń ro `b` pọ̀ lásán, tí kò kọ nǹkan kan sí array kankan. Array yẹn jẹ́ 800 MB, ìgbà 20 jẹ́ 16 GB, tí í ṣe 15,259 MiB. Òǹkà fífà gbọ́dọ̀ súnmọ́ iye yẹn, òǹkà kíkọ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bí ó bá jẹ́ ìdajì lẹ rí, channel kan tàbí ẹ̀gbẹ́ kan ti bọ́ sílẹ̀ nínú ohun tí ẹ ń kà. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan mìíràn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ tún fi `sleep 10` rọ́pò prógírámù yín nínú àṣẹ yẹn, kí ẹ wo iye tó ń kọjá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe òdo. Ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ 1920 × 1080, báìtì 4 fún àmì (pixel) kọ̀ọ̀kan, ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn nìkan súnmọ́ 0.5 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹ̀ka àwòrán bá ń lo RAM kan náà, tí kò sì fún dátà náà pọ̀.

Nísinsìnyí, loop yín. Wàhálà kan tún wà: kí loop tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti kọ iye àkọ́kọ́ sínú array mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kernel sì ti nu ojú ewé mẹ́mọ́rì kọ̀ọ̀kan sí òdo kí ó tó gbé e fún yín. Òǹkà ti ka gbogbo ìyẹn mọ́ ọn. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti yọ ọ́ kúrò ni kí ẹ ṣe é ní ìgbà 20, kí ẹ tún ṣe é ní ìgbà 40, kí ẹ wá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, iye òǹkà àti àkókò pọ̀. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ á pa ara rẹ̀ rẹ́, ìgbà 20 gédégédé ló máa kù. Bí ohun tí mo sọ bá tọ́, ohun tó kù gbọ́dọ̀ rí báyìí:

```
fífà:   nǹkan bí 45,800 MiB
kíkọ:   nǹkan bí 15,300 MiB
```

Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ sọ ọ́ di GB, 64 ni. Àmọ́ kì í ṣe àpapọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wo bí méjèèjì ṣe rí sí ara wọn. Fífà mẹ́ta sí kíkọ kan: `b` wọlé, `c` wọlé, `a` wọlé nítorí RFO, `a` jáde. Mẹ́ta sí kan yìí ni ẹ̀rí pé RFO ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì sí kan lẹ rí, `a` kò wọlé rárá, ìyẹn ni pé compiler yín ti lo àṣẹ kíkọ tó ń fo cache kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní non-temporal store. GCC kì í sábà dá a ṣe fúnra rẹ̀, àwọn compiler mìíràn máa ń ṣe é, `memcpy` inú glibc náà sì ń ṣe é bí ohun tó ń kó bá ti tóbi. Lórí àwọn Xeon kan láti Ice Lake, prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ lè fo RFO bí ojú ọ̀nà bá ti kún, ẹ ó wá rí iye kan tó wà láàárín méjì àti mẹ́ta. Inú mi máa ń dùn sí apá yìí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: nọ́ńbà méjì lásán sọ ohun tí ìbá gba yín ní wákàtí kan láti wá nínú assembly.

Àwọn ìdẹ̀kùn kéékèèké díẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí `(33.33%)` tàbí irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kan, ẹ ti ní kí `perf` ka nǹkan tó pọ̀ ju òǹkà tó wà lọ. Ó ń pín àkókò láàárín wọn, ó sì ń fojú bu èyí tó kù. Ẹ dín ohun tí ẹ ń kà kù. Bí ẹ̀rọ bá ní prósẹ́sọ̀ méjì lórí pátákó kan, ẹ fi `--per-socket` kún un, kí ẹ sì fi `numactl --cpunodebind=0 --membind=0` so prógírámù mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì ẹrù yín lè máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Àpapọ̀ pẹ̀lú máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀: prógírámù tó lo 40 GB fún ìdajì àkókò tí kò sì lo nǹkan kan ní ìdajì kejì, 20 ni yóò hàn. Ẹ fi `-I 100` kún àṣẹ náà, ẹ ó máa rí iye ní gbogbo ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá fẹ́ wọn apá kan péré nínú kóòdù, LIKWID, tí wọ́n kọ ní Erlangen ní Jámánì, jẹ́ kí ẹ fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin apá náà, kí ẹ wá fi `likwid-perfctr -g MEM -m` ṣe é. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ àyálò inú cloud lẹ ń lò, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí òǹkà wọ̀nyí rárá, torí pé ti gbogbo ẹ̀rọ ni wọ́n, àwọn mìíràn sì wà lórí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú yín. Níbẹ̀, ìṣírò báìtì àti aago nìkan ló kù fún yín, kí ẹ sì má gbàgbé RFO.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ prógírámù tó ni ẹrù náà gan-an, server tuntun ti Intel àti EPYC ti AMD ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ fi `mount -t resctrl resctrl /sys/fs/resctrl` ṣí i, ẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú `mon_groups`, ẹ kọ nọ́ńbà prógírámù yín sínú fáìlì `tasks` rẹ̀, kí ẹ wá wo `mbm_total_bytes` lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà ní in.

Mo ní kí n sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ channel kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan ra server tuntun, Xeon tó ní channel mẹ́fà DDR4-2666, 128 GB ní ìṣẹ́jú àáyá lórí ìwé. Prógírámù wọn ń lọ́ra lórí rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n sì pè mí. Inú kóòdù ni mo wọ̀ lọ tààrà. Mo tún loop tò, mo yí bí wọ́n ṣe ń pín array padà, mo lo ọjọ́ méjì gbáko, iye rẹ̀ kò kọjá 54 GB. Ní ọjọ́ kẹta ni mo tó ka channel lọ́kọ̀ọ̀kan dípò àpapọ̀. `uncore_imc_0` ń kà, ìkíní ń kà, ìkejì ń kà. Ìkẹta, òdo. Ìkẹrin, òdo. Ìkarùn-ún, òdo. Mo wo òdo mẹ́ta yẹn lójú fún ìgbà díẹ̀ kí n tó ní kí wọ́n bá mi ṣí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó to RAM sínú rẹ̀ ti kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, channel mẹ́ta kò ní nǹkan kan nínú. Àjà ilé tí mo rò pé ó wà ní 128, 64 ló wà, 54 tí mo ń rí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kò sí àṣìṣe kankan nínú kóòdù wọn. Ó dùn mí nítorí àkókò wọn tí mo fi ṣòfò, láti ọjọ́ náà, mi ò tíì fọwọ́ kan kóòdù ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ wo channel.

Kọ̀ǹpútà yín kò ní fi channel hàn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ `data_reads`, ṣùgbọ́n 40 GB kọjá ohun tí channel kan DDR4-3200 lè gbé, tí í ṣe 25.6. Torí náà méjèèjì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì rò pé iye kékeré túmọ̀ sí pé mẹ́mọ́rì kò ní ẹ̀bi. Bí prógírámù kan bá ń tẹ̀lé ìtọ́ka (pointer) láti ibì kan sí ibòmíràn, tí kò lè mọ ibi tó kàn títí èyí tó wà lọ́wọ́ yóò fi dé, ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà nígbàkígbà. Bí RAM bá ń gba 80 nanosecond kí ó tó dáhùn, báìtì 64 pín sí 80 nanosecond jẹ́ 0.8 GB ní ìṣẹ́jú àáyá. Ojú ọ̀nà ṣófo, prógírámù sì ń dúró de mẹ́mọ́rì ní gbogbo àkókò. Ìlà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 8 GB. Ìdí kan náà ni core kan ṣoṣo kì í sábà fi í lè kún ojú ọ̀nà server ńlá, bí ó ti wù kí ó yára tó. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro tiyín.

Ìṣòro tiyín ni pé ojú ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Core tó yára jù kò ní ràn yín lọ́wọ́, àṣẹ AVX (tó ń ṣírò nọ́ńbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan) tó fẹ̀ jù kò ní ràn yín lọ́wọ́. Kí ẹ dín ẹrù kù ló kù. Bí `float` bá tó fún iṣẹ́ yín dípò `double`, ìdajì ẹrù ti lọ. Bí loop mìíràn bá wà lẹ́yìn èyí tó tún ń fa `a` wá, ẹ so wọ́n pọ̀ kí `a` má bàa jáde kó tún wọlé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ fi `_mm256_stream_pd` kọ `a`, kí RFO lè kúrò, kí ẹ rí i dájú pé ibi tí `a` bẹ̀rẹ̀ pín sí báìtì 32 géérégé, torí àṣẹ náà kò gba èyí tó yẹ̀. 64 GB yóò di 48. Bí ojú ọ̀nà bá ṣì ń gbé 40 ní ìṣẹ́jú àáyá, 1.6 yín yóò sún mọ́ 1.2, òǹkà yóò sì fi méjì sí kan hàn dípò mẹ́ta sí kan. Bí àkókò bá wálẹ̀ tí méjì sí kan kò sì hàn, nǹkan mìíràn ló mú un wálẹ̀. Ẹ fi iye fífà àti kíkọ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, ti ìgbà 20 àti ti ìgbà 40, ká jọ wò ó.